Bí a ṣe ń bá ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ sọ̀rọ̀

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá mi, ariwo ni mo kọ́kọ́ ń pa mọ́ wọn. Etí wọn kò kúkú di! Ẹ pa rédíò, ẹ jókòó síbi tí wọ́n ti lè rí ojú yín, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé omi lẹ fẹ́?" Ẹ má ṣe bi wọ́n nípa omi àti tíì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jọ fẹnu kò sórí àmì. Bàbá mi máa ń na àtàǹpàkò sókè fún bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á di ẹ̀ṣẹ́ fún rárá. Ẹ fi ohun tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀ dán an wò, torí aláìsàn mìíràn lè mi orí sí bẹ́ẹ̀ ni nígbà tó jẹ́ rárá ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró. Èmi máa ń ka ení dé ẹ̀wá nínú kí n tó tún ìbéèrè bi wọ́n. Ibẹ̀ ló le jù.

Rọpárọsẹ̀ lè ba ìwé kíkà àti kíkọ jẹ́ pẹ̀lú, nítorí náà pátákó álífábẹ́ẹ̀tì, tí èèyàn fi ń nawọ́ sí lẹ́tà láti sọ ọ̀rọ̀, kò wúlò fún wa. Àwòrán ló gbà wá: bẹ́ẹ̀dì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi tó ń dùn wọ́n. Bí ohun tí wọ́n ń wí kò bá yé yín, ẹ má ṣe bí ẹni pé ó yé yín. Wọ́n ń rí yín.