Òjìji táǹkì omi ló ń jẹ iná sólà wa

Lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù wa ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, páńẹ́lì ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀. Tó bá ti dọ̀sán, agbára á wálẹ̀, bátìrì ò ní kún, fíríìsà á sì kú lálẹ́. Wọ́n ní ká pààrọ̀ bátìrì. Owó ńlá nìyẹn!

Mo gun òrùlé lọ́sàn-án. Òjìji táǹkì omi ló bo páńẹ́lì kan ṣoṣo. Mẹ́ta mẹ́ta la sì so wọ́n tẹ̀léra, nítorí náà ẹyọ kan tó wà lábẹ́ òjìji ń dín agbára ìyókù kù. A sún páńẹ́lì náà kúrò níbẹ̀, a kọ ojú rẹ̀ sí gúúsù, a dà á gẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ eruku ọyẹ́ kúrò. Bátìrì àtijọ́ yẹn náà ló ń gbé fíríìsà báyìí.