Ṣé káàdì gíráfíìsì yín ti tó pààrọ̀ lóòótọ́? Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ kẹ́ ẹ tó náwó

Géèmù tuntun jáde, ẹ dáńlóòdù ẹ̀ tán, ẹ ṣí i, ó wá ń wọ́ bí ìgbín. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé káàdì gíráfíìsì yìí ti darúgbó, ó ti tó kí n ra òmíì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o. Àmọ́ gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run: káàdì (GPU, tó ń ya àwòrán) wà níbẹ̀, CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) wà níbẹ̀, RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà ń lò lọ́wọ́) wà níbẹ̀, eruku àti ooru náà ò gbẹ́yìn. Èmi gan-an ti ra káàdì tuntun rí, mo tayọ̀tayọ̀ gbé e sínú kọ̀ǹpútà, mo ṣí géèmù tí mo fẹ́ràn jù, FPS (iye àwòrán tó ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) ò kúrò lójú kan. RAM ẹyọ kan ṣoṣo tó wà nínú ẹ̀ ló ń dí i lọ́wọ́, ìgbà tí owó sì ti lọ tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀. Àtìgbà yẹn ni mi ò ti ń ra nǹkan kan láì kọ́kọ́ dán èyí tó wà nílẹ̀ wò, ọ̀sán kan ṣoṣo náà sì tó o.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú mónítọ̀ yín

Mónítọ̀ tó bá jẹ́ 60 Hz, ìgbà ọgọ́ta (60) ló ń pààrọ̀ àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí káàdì yín bá ti ń fún yín ní 75 FPS lórí irú mónítọ̀ yẹn, tí sẹ́tíǹgì tẹ́ ẹ fi ń ṣeré sì tẹ́ yín lọ́rùn, kí lẹ fẹ́ fi káàdì tuntun ṣe? Ojú yín ò ní rí ìyàtọ̀ kankan tó tó nǹkan.

Bí resolution mónítọ̀ (iye àmì tíntìntín, ìyẹn pixel, tó wà lójú ẹ̀) ṣe pọ̀ tó náà kan ọ̀rọ̀ yìí. 1080p ní pixel tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 2, 1440p sún mọ́ mílíọ̀nù 3.7, 4K lé ní mílíọ̀nù 8. Káàdì kan náà tó ń fò lórí 1080p lè dákú pátápátá lórí 4K, torí náà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé káàdì yín ò dáa mọ́, ẹ bi í pé orí mónítọ̀ wo.

Ẹ wá mú ọ̀daràn gan-an

Ẹ gbé MSI Afterburner, áàpù tó ń fi bí káàdì ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, sórí kọ̀ǹpútà, òun àti RivaTuner tó máa ń bá a wá. Ẹ jẹ́ kó máa gbé nǹkan wọ̀nyí síwájú yín bẹ́ ẹ ṣe ń ṣeré: bí GPU ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, ooru ẹ̀, VRAM (ìrántí ara káàdì fúnra ẹ̀), iṣẹ́ tí core CPU (àwọn apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀) kọ̀ọ̀kan ń ṣe, àti FPS. Ẹ pa V-Sync (tó ń so FPS mọ́ Hz mónítọ̀) àti ohunkóhun tó ń dín FPS kù. Ẹ wá lọ síbi tí géèmù náà ti máa ń fà jù, ẹ ṣeré níbẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ géèmù díwọ̀n nǹkan kan, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Tí GPU bá wà ní 95% sí 99% ní gbogbo ìgbà, káàdì yín ń sa gbogbo agbára ẹ̀, ibi tí agbára ẹ̀ mọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ 60% sí 70% ló ń ṣe, tí FPS sì kéré, káàdì ń dúró de ẹlòmíì ni, ẹni yẹn sì sábà máa ń jẹ́ CPU tàbí RAM. Ẹ má wo àpapọ̀ CPU o, ibẹ̀ ló ti máa ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. CPU tó ní core 8 lè kọ 35% síwájú yín kí core kan nínú wọn sì ti kún dẹ́nu, ẹ̀mí ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ bọ́, torí ọ̀pọ̀ géèmù ló ń di iṣẹ́ tó wúwo jù lé ẹyọ kan lórí.

Tẹ́ ò bá fẹ́ wàhálà áàpù, ọgbọ́n kékeré kan wà tó rọrùn: ẹ sọ resolution kalẹ̀ láti 1080p sí 720p. Tí FPS bá fò sókè dáadáa, káàdì ló ń jìyà. Tí kò bá kúrò níbi tó wà, ẹ fi káàdì yẹn sílẹ̀, kò jẹ̀bi. Kẹ́ ẹ lọ pààrọ̀ káàdì nígbà tó jẹ́ CPU ló ń fà á, bí ẹni tẹ́sẹ̀ ń dùn tó ń fi oògùn pa orí ni.

Ti VRAM wá yàtọ̀ díẹ̀, òun ló máa ń ru èèyàn lójú. FPS máa dáa, ẹ máa rí 70, 80, àmọ́ lójijì gbogbo ẹ̀ á gán, á dúró díẹ̀, á tún máa lọ, tàbí kí ojú ògiri àti ilẹ̀ inú géèmù rí bàìbàì fún ìgbà pípẹ́ kó tó mọ́lẹ̀. Nígbà tí VRAM bá kún, ohun tí kò bá gbà mọ́ á lọ máa gbé inú RAM kọ̀ǹpútà, á sì máa gba ọ̀nà PCIe tó so káàdì mọ́ kọ̀ǹpútà kọjá, ọ̀nà yẹn sì fi púpọ̀ lọ́ra ju VRAM fúnra ẹ̀ lọ. Ẹ sọ texture (àwòrán ara ògiri, ilẹ̀ àtàwọn nǹkan inú géèmù) kalẹ̀ ní ìpele kan, ẹ tún géèmù náà ṣí. Tí gíngán yẹn bá lọ, ẹ ti rí i. Pé Afterburner kọ 7.6 GB lórí káàdì 8 GB nìkan kì í ṣe ẹ̀rí o, géèmù míì máa ń gba ààyè sílẹ̀ láìlò ó.

Àtúnṣe tí kò ná yín ju agbára lọ

Ẹ má rẹ́rìn-ín: ẹ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ṣé ara káàdì ni wáyà mónítọ̀ wà àbí ara motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́)? Tó bá jẹ́ ara motherboard ni, kì í ṣe káàdì yín ló ń gbé àwòrán jáde. Mo ti rí ẹni tó ní káàdì tuntun nínú kọ̀ǹpútà fún oṣù púpọ̀ láì lò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn, eruku. Tí ooru bá pọ̀ jù, káàdì á dín eré ẹ̀ kù fúnra ẹ̀ kó má baà jóná, àwọn káàdì GTX 10 ti NVIDIA bẹ̀rẹ̀ ìyẹn ní bíi 83°C. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti atẹ́gùn nù ún, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ di fáànù mú kó má yí. Tí káàdì bá ti lo ọdún 5 tàbí 6, thermal paste (ọ̀rá tó ń gbé ooru kúrò) inú ẹ̀ ti lè gbẹ, tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n tú, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ wọ BIOS (ibi sẹ́tíǹgì ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà) lọ wò bóyá XMP tàbí EXPO (tó ń jẹ́ kí RAM sáré bó ṣe yẹ) ti ṣí, kẹ́ ẹ sì rí i pé RAM jẹ́ méjì (ẹ ti mọ ìtàn tèmi).

Nínú sẹ́tíǹgì géèmù, òjìji, ìkùukùu, ohun tó ń dán bíi dígí àti ray tracing (ìṣirò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn) ló ń jẹ FPS jù. Àwọn mẹ́rin yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ kalẹ̀, kẹ́ ẹ fi texture sílẹ̀ lókè tí VRAM bá gbà á, torí kò fẹ́ẹ̀ ná káàdì ní nǹkan míì. Tí FSR (tó ń ya àwòrán ní kékeré kó tó fẹ̀ ẹ́, kí FPS lè pọ̀) bá wà níbẹ̀, ẹ tan án, FSR 2 ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì àtijọ́ bíi GTX 1060 ọdún 2016. DLSS, irú ẹ̀ ti NVIDIA, ò mọ káàdì tí kì í ṣe RTX, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2018.

Ohun tí nínù ò lè tún ṣe

Àwọn géèmù kan ti wà báyìí tó jẹ́ pé tí káàdì ò bá ní ẹ̀yà ara tó ń ṣe ray tracing, kò sí ọ̀rọ̀. Indiana Jones and the Great Circle (2024) àti Doom: The Dark Ages (2025) wà nínú wọn. GTX 1080 Ti ní VRAM 11 GB, ọba ni lọ́dún 2017, síbẹ̀ kò sí lára àwọn káàdì tí wọ́n ní ó lè gbé géèmù méjèèjì. RX 5700 XT ti AMD náà ò sí níbẹ̀.

Díráífà (áàpù tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá káàdì sọ̀rọ̀) ńkọ́? NVIDIA kéde ní 2025 pé oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni díráífà géèmù tuntun dópin fún GTX 900 àti GTX 10, ti ààbò nìkan ló kù títí di oṣù kẹwàá 2028. Ìyẹn ò ní kí káàdì yín kú lọ́la, àwọn géèmù tẹ́ ẹ ti ń ṣe á máa lọ, àmọ́ géèmù tuntun tó bá ní ìṣòro, kò sẹ́ni tó máa tún un ṣe fún yín. Tí ẹ bá sì ń rí àmì onígun mẹ́rin aláwọ̀ oríṣiríṣi lójú mónítọ̀ nígbà tí káàdì ò gbóná, tẹ́ ẹ ti pààrọ̀ wáyà àti díráífà, ó ti ń re ibi tí àgbà ń rè nìyẹn.

Tó bá wá jẹ́ pé rírà ló kù

Ìlànà tèmi ni pé mi ò ní náwó torí 20%. Káàdì tuntun gbọ́dọ̀ fún mi ní ó kéré tán 60% sí i nínú àwọn géèmù tí èmi ń ṣe, lórí mónítọ̀ tí èmi ní, kí VRAM ẹ̀ sì ju ti àtijọ́ lọ. Kéèyàn gbéra láti 8 GB lọ ra 8 GB míì lóde òní, ojú mi ò gbà á.

Ẹ yẹ ilé wò kẹ́ ẹ tó gba àlejò. Slot (ojú ihò tí káàdì ń wọ̀ lára motherboard) fúnra ẹ̀ ń gbé 75 W, wáyà onípín 6 ń gbé 75 W, onípín 8 ń gbé 150 W, ẹ wo iye èyí tí pọ́wà sọ́pùláì yín ní. Ẹ fi tépù wọn inú àpótí. Tí motherboard yín bá jẹ́ PCIe 3.0, ẹ sá fún RX 6500 XT, ọ̀nà dátà 4 péré ló ń lò, á sì pàdánù eré púpọ̀ níbẹ̀. RTX 4060 àti RX 6600 ń lo 8, ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Káàdì Intel Arc ní tiẹ̀ nílò Resizable BAR (sẹ́tíǹgì tó ń jẹ́ kí CPU rí gbogbo VRAM lẹ́ẹ̀kan), tí BIOS yín ò bá ní in, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ má san owó tẹ́ ò bá tíì rí i kó ṣe géèmù tó wúwo fún ogún ìṣẹ́jú níṣojú yín, kẹ́ ẹ sì ṣí GPU-Z (áàpù tó ń sọ ohun tó wà nínú káàdì), torí àwọn oníjìbìtì máa ń kọ orúkọ káàdì tuntun sára èyí tó ti gbó, GPU-Z sì sábà máa ń tú àṣírí ẹ̀.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé tuntun wọlé, ẹ yọ díráífà àtijọ́ pẹ̀lú DDU (áàpù tó ń nu díráífà kúrò pátápátá), ẹ padà síbi kan náà nínú géèmù kan náà pẹ̀lú sẹ́tíǹgì kan náà, ẹ kọ FPS méjèèjì síwèé. Ẹ má sì tíì ta èyí àtijọ́ títí ọ̀sẹ̀ méjì á fi pé, tí tuntun bá ní àléébù, òun lẹ máa fi ṣeré nígbà tẹ́ ẹ bá dá tuntun padà.