Bí A Ṣe Ń Sọ Láptọ́ọ̀pù Àtijọ́ Di Sinimá Pálọ̀

Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí ti fọ́ lójú. Àbúrò mi jókòó lé e lórí ibùsùn, ìlà dúdú sì la ojú rẹ̀ já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bátìrì rẹ̀ náà ti kú. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Adó-Èkìtì ní kí n tà á fún àwọn tó ń tú u palẹ̀. N kò tà á. Mo gbé e lọ sí pálọ̀ ìyá mi ní Ìkẹ́rẹ́, mo fi okùn kan so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé fíìmù, orin, ìwàásù àti fídíò ìsìnkú bàbá mi jáde fún gbogbo ilé.

Bí kọ̀ǹpútà yín bá ṣì ń tàn, tí RAM rẹ̀ (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) sì tó 4GB, iṣẹ́ ṣì kù lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ohun tí ẹ kó sórí rẹ̀ ló yẹ kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé fíìmù HD lè jẹ dátà tó 3GB ní wákàtí kan. Ẹ ṣírò ìyẹn fún ilé tí ọmọ mẹ́rin ti wà ní ìsinmi.

Okùn

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà. Bí ẹ bá rí ihò pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ HDMI sí, ó ti bọ́ sí i. Okùn HDMI kan ṣoṣo ń gbé àwòrán àti ohùn pa pọ̀, ihò rẹ̀ sì wà lára ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ. Kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ gan-an lè má ní in. VGA ni yóò ní, ihò aláwọ̀ búlúù tó ní ojú wínníwínní 15. VGA kì í gbé ohùn rárá. Bí tẹlifíṣọ̀n yín náà bá ní VGA, ẹ ra okùn rẹ̀, kí ẹ sì ra okùn ohùn tín-ín-rín tí ẹ óò kì bọ ibi tí a ń ki íápíìsì sí. Bí kò bá ní, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ VGA di HDMI ni kí ẹ béèrè, èyí tó ní orí USB tí yóò fi gba iná àti ihò tí ohùn yóò gbà wọlé.

Ní ọjà, wọ́n á fi okùn kan hàn yín tí orí rẹ̀ kan jẹ́ VGA, tí ìkejì jẹ́ HDMI, tí kò sí ẹ̀rọ kankan láàárín. Ẹ má rà á. Ọ̀nà tí VGA ń gbà gbé àwòrán yàtọ̀ sí ti HDMI, okùn lásán kò sì lè yí ọ̀kan padà sí èkejì.

Ẹ pa kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n kí ẹ tó so wọ́n pọ̀. Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n, ẹ tẹ Source tàbí Input lórí rìmóòtù rẹ̀, ẹ yan HDMI tí okùn wà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan kọ̀ǹpútà. Bí àwòrán kò bá jáde, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, ẹ tẹ P, ẹ yan "Second screen only". Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ti fọ́ pátápátá bíi tèmi, tí ẹ kò rí ohun tí ẹ ń yàn, ẹ ṣáà máa tẹ P lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láì jọ̀wọ́ bọ́tìnnì Windows, kí ẹ sì dúró wò ó díẹ̀ lẹ́yìn ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ohùn

Ibí yìí ló ti ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, àwòrán hàn gedegbe, ṣùgbọ́n ohùn ṣì ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti inú láptọ́ọ̀pù nílẹ̀. Ìyá mi sún àga mọ́ ọn, wọ́n tẹ etí sílẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, a ò gbọ́ nǹkan tó ń sọ." Kò sí ohun tó bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà kò tíì mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n ni kí òun gbé ohùn gbà ni. Ní Windows 10, ẹ tẹ àmì sípíkà ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ tẹ ọfà kékeré òkè ibẹ̀, ẹ yan orúkọ tẹlifíṣọ̀n yín. Ojú ẹsẹ̀ ni pálọ̀ á gba ohùn.

Ohun tí yóò máa gbé fíìmù jáde

Ẹ gbé VLC àti Kodi, ètò kọ̀ǹpútà méjì tó ń gbé fíìmù àti orin jáde, sórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì. VLC ń ṣí fáìlì tí àwọn mìíràn kọ̀. Kodi, tí wọ́n ń pè ní XBMC títí di 2014, ló ń to fíìmù, orin àti fọ́tò sójú tẹlifíṣọ̀n ní lẹ́tà gàdàgbà tí àgbàlagbà lè kà láti orí àga. Orí kodi.tv ni kí ẹ ti gbà á. Kodi kì í bá fíìmù kankan wá, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta Kodi tí fíìmù ayé kún inú rẹ̀ fún yín, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àwọn tó ṣe Kodi ló kó o síbẹ̀.

Nínú Kodi, ẹ wọ Videos, lẹ́yìn náà Files, ẹ tẹ "Add videos", kí ẹ fi fódà tí fíìmù wà hàn án. Kí Kodi lè máa ṣí fúnra rẹ̀ bí a bá ti tan kọ̀ǹpútà, ẹ di Windows mú, ẹ tẹ R, ẹ kọ shell:startup, ẹ tẹ Enter, kí ẹ gbé shortcut Kodi sínú fódà tó bá ṣí.

Bí hard disk inú rẹ̀ bá kéré, ẹ ra ti ìta, 1TB ti pọ̀ tó. Bí ẹ bá fẹ́ tún un tò (format) kí ẹ tó lò ó, ẹ yan NTFS tàbí exFAT nínú àwọn irú ètò fáìlì tó bá hàn. FAT32 kì í gba fáìlì kan tó bá ju 4GB lọ.

Àwọn àwo inú àpótí

Ìdí tí mo fi ṣe wàhálà yìí gan-an nìyí. Ní nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn, bí a bá sìnkú àgbà tàbí tí a ṣègbéyàwó, VCD ni onífídíò ń kó fún ẹbí. Ti bàbá mi jẹ́ àwo mẹ́ta, torí àwo kan kì í gbà ju nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 sí 20 lọ. Inú àpótí aṣọ ni wọ́n wà, láàárín aṣọ òkè. Nígbà tí mo gbé àwo kejì sókè sí iná, ìmọ́lẹ̀ yọ láwọn ojú kéékèèké bí ìgbà tí kòkòrò jẹ ewé: fàdákà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Ibi tó bá ti ṣí kò ṣeé dá padà mọ́. Ẹ tètè gbé tiyín kúrò lórí àwo.

Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu àwo náà láti àárín wá sí etí, ẹ má yí ọwọ́ po. Ẹ fi àwo náà sínú kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí i bí ẹ ṣe ń ṣí fódà. Ẹ óò rí fódà kan tó ń jẹ́ MPEGAV; inú rẹ̀ ni AVSEQ01.DAT wà. Fídíò yín nìyẹn. Ẹ kọ́pì rẹ̀ sórí hard disk, kí ẹ sọ ọ́ ní orúkọ tí ará ilé yóò dá mọ̀, bíi "Ìsìnkú Bàbá 1", ṣùgbọ́n ẹ má yọ .DAT tó wà nídìí rẹ̀. Tí kọ́pì bá há síbì kan, ẹ nu àwo náà lẹ́ẹ̀kan sí i, tàbí kí ẹ dán an wò nínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Òmíràn máa ń ka ohun tí èyí kò lè kà. Àwòrán VCD kò ju 352 × 288 lọ, kò ní mọ́ bíi ti òde òní lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá. Síbẹ̀ a rí ojú àwọn àgbà ẹbí wa tí wọ́n ń jó níwájú ilé, a sì gbọ́ ohùn àwọn tó ti lọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà kejì, kí ẹ gbé e sí ilé ẹlòmíràn.

Iná àti ooru

Kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ ti kú máa ń pa lójijì bí wọ́n bá mú iná lọ, ìyẹn sì lè ba hard disk jẹ́. Ẹ jẹ́ kó gba iná láti ara ìnfátà, tàbí UPS kékeré (àpótí bátìrì tó ń gbé iná fúngbà díẹ̀ bí wọ́n bá mú iná lọ) ó kéré tán. Ṣájà láptọ́ọ̀pù 65W àti tẹlifíṣọ̀n LED 32 ínṣì kì í sábà ju 100W sí 120W lọ lápapọ̀. Bátìrì ìnfátà 12V, 200Ah, bí ẹ bá lo ìdajì rẹ̀ péré, á gbé wọn tó wákàtí 8 sí 10.

Nínú Power Options, ẹ wá "Choose what closing the lid does", ẹ yan "Do nothing", kí ẹ lè pa ojú kọ̀ǹpútà náà dé láìjẹ́ kó sùn. Ẹ má gbé e lé aṣọ tàbí fóòmù. Ọmọrí ìgò mínírà mẹ́rin ni mo fi sábẹ́ tèmi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa ilẹ̀ wa máa ń dí ojú ibi tó ń mí sí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a lóṣooṣù.

Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Nítorí náà, ẹ má fi kọ̀ǹpútà pálọ̀ wọ àkáǹtì báńkì yín. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, rọ́pò Windows. VLC àti Kodi ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ dáadáa.

Rìmóòtù

Kíbọọ̀dù kékeré aláìlókùn tó ń lo USB ló rọrùn jù. Fún àwọn ọmọ, app Kore tí àwọn tó ni Kodi ṣe ń sọ fóònù Android di rìmóòtù, bí fóònù àti kọ̀ǹpútà bá jọ wà lórí Wi-Fi kan náà. Ẹ kọ́kọ́ wọ Settings nínú Kodi, ẹ wọ Services, lẹ́yìn náà Control, kí ẹ gba "Allow remote control via HTTP" láàyè. Kò nílò dátà, nítorí inú ilé lọ̀rọ̀ náà ti ń lọ tó ti ń bọ̀.

Fún ìyá mi, mo kọ ọ́ sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n: "Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n. Ẹ tẹ Source, ẹ yan HDMI 1. Ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ ní sùúrù. Bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ yan Power off system. Ẹ má tíì pa sókẹ́ẹ̀tì, àfi tí iná kékeré ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà bá kú."