Fídíò Orin Tí A Yà ní Òkè Màpó

Iṣẹ́ tí olùkọ́ gbé lé wa lọ́wọ́ kò ju gbólóhùn kan lọ: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya fídíò orin tí kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ tiwa ti gba orin tirẹ̀ sílẹ̀ ní sítúdíò, orin tí gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gbé dúró, nítorí náà a kò jiyàn lórí èyí tí a máa lò. Èmi ni wọ́n fi ṣe olùdarí. Mo fura pé torí fóònù mi ni, òun ni kámẹ́rà rẹ̀ dára jù láàárín wa.

Kí a tó ya ohunkóhun, mo jókòó ti orin náà pẹ̀lú bíírò àti ìwé. Mo kọ ìlà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, mo kọ ìṣẹ́jú tó bọ́ sí, mo wá kọ ohun tí ojú máa rí níbẹ̀. Ẹni tó bá fo ìyẹn, ohun tó bá ṣáà bá pàdé lójú ọ̀nà ni yóò máa yà.

Gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn ni a mú. Láti 1929 ni wọ́n ti ṣí i. Àwọn òpó rẹ̀ tóbi, bí èèyàn bá sì dúró níwájú rẹ̀, òrùlé páánù tó ti dógùn-ún ni yóò máa rí lọ súà. A gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan la fi ṣiṣẹ́, torí oòrùn ọ̀sán a máa da òjìji sójú akọrin.

Àwọn èèyàn rò pé níwọ̀n ìgbà tí ohùn tí kámẹ́rà gbà kò ní wọ inú fídíò, kò sí ìyọnu ohùn níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìyọnu wà. A gbé sípíkà sẹ́gbẹ̀ẹ́ akọrin, òun ń fẹnu bá orin rẹ̀ rìn, kámẹ́rà sì ń gba tẹnu tohùn. Ohùn jákujàku yẹn la fi ń wá ojú ibi tí orin sítúdíò ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá dé orí kọ̀ǹpútà. Bí a bá wá yà á láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Nǹkan bíi mítà 340 ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà bí kámẹ́rà bá jìnnà tó mítà 30, ohùn yóò pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwòrán 25 ló ń tẹ̀ léra nínú fídíò wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan, méjì sí mẹ́ta nínú wọn á sì ti kọjá kí ohùn tó dé. Ẹnu á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Mo ní láti mú kí àwòrán ibẹ̀ pẹ́ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀.

Ibi tí a ti rẹ́rìn-ín jù ni ibi tí aṣọ akọrin ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú ègbè. A fi orin náà sí ìlọ́po méjì eré rẹ̀, ó ń fi ìkánjú kọ ọ́ wàràwàrà, a sì ń ya àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tí a dá a padà sí 25, ẹnu rẹ̀ bá orin mu rẹ́gí, ṣùgbọ́n ìborùn àti ọwọ́ rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ tó ń kọjá kò mọ ìdí ọ̀rọ̀, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá onílù ló wá fún wa níṣẹ́ ṣe. Àwọn fúnra wọn ló lu gángan inú orin náà ní sítúdíò, ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà bá ti tàn, nǹkan mìíràn ni wọ́n ń lù. Wọ́n ń ki akọrin, wọ́n ń kí èmi náà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí tí ẹ lù nínú orin yẹn gan-an la fẹ́.”

“Ṣé ayékòótọ́ lẹ pè wá ni, àbí onílù?”

Bí jìtá bá ni, ọwọ́ èyíkéyìí la lè fi há ibẹ̀. Gángan kò gba bẹ́ẹ̀. Bí a bá rí apá tó fún ọsán mọ́ra, ohùn òkè ló yẹ kí a gbọ́. Bó bá jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ ló dún, ọmọ Yorùbá á ti mọ̀ pé irọ́ ni. Mo jẹ́ kí wọ́n máa lù ú bó ṣe wù wọ́n. Ibi tí apá wọn bá orin mu ni mo ti fi kọ̀ǹgọ́ hàn kedere, níbi tó kù, ojú wọn tàbí ẹ̀yìn wọn ni mo lò.

Oríkì tí wọ́n fi ki akọrin yẹn ni mi ò lè dà nù. Fóònù kejì ti gbà á láti ìtòsí. Mo dá orin dúró kí ègbè ìkẹyìn tó wọlé, mo ti ìlù náà bọ ibẹ̀ bó ṣe rí, pẹ̀lú fèrè ọ̀kadà tó dún lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ mi kọ̀ jálẹ̀ pé orin kì í dúró, a sì fa ọ̀rọ̀ náà títí kí wọ́n tó gbà.

DaVinci Resolve, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gé fídíò, èyí tí wọn kì í gbowó rẹ̀, ni mo fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kọ̀ǹpútà mi kò lágbára tó, mo ní láti ṣe ẹ̀dà kékeré fídíò kọ̀ọ̀kan kí n tó lè gé e.

Nígbà tí a fi hàn ní kíláàsì, tí orin dúró lójijì, ọmọkùnrin kan ti dìde láti lọ tẹ kọ̀ǹpútà kí ìlù tó sọ̀rọ̀. Olùkọ́ ní kí a dá a padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Orí ojú ọ̀run ni wọ́n ti yọ máàkì wa: wọ́n ní ó funfun báláú lẹ́yìn àwọn òpó. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kámẹ́rà fóònù wa kò lè gba òkùnkùn abẹ́ òrùlé àti ìmọ́lẹ̀ ìta pọ̀, a sì fẹ́ kí ojú akọrin hàn.