Bí A Ṣe Ń Ti Ara Àtẹ Ẹ́límẹ́ǹtì Mọ Bí Átọ́ọ̀mù Yóò Ṣe So Pọ̀

Àtẹ ẹ́límẹ́ǹtì ni ibi tí wọ́n to àwọn ẹ́límẹ́ǹtì sí, ìyẹn àwọn ohun ìpìlẹ̀ tí gbogbo nǹkan fi wáyé; átọ́ọ̀mù sì ni ẹyọ tó kéré jù lọ nínú ẹ́límẹ́ǹtì kan. Ẹni tó bá ń há àtẹ náà sórí láti orí 1 dé orí 118 bí ẹni ń há oríkì sórí ń fi agbára rẹ̀ ṣòfò ni. Nígbà tí Dmitri Mendeleev, ará Rọ́ṣíà, to àtẹ tirẹ̀ ní ọdún 1869, ohun tó ń wá ni kí a lè ti ara ibi tí ẹ́límẹ́ǹtì jókòó sí mọ ìwà rẹ̀. Iṣẹ́ náà dá a lójú débi pé ó fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Nígbà tí wọ́n sì rí gálíọ̀mù ní ọdún 1875 àti jamáníọ̀mù ní ọdún 1886, ìwà wọn sún mọ́ ohun tó ti sọ gan-an.

Iyọ̀ ìsebẹ̀ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀; ẹ́límẹ́ǹtì méjì, sódíọ̀mù àti kílórínì, ló so pọ̀ di í. Ẹ wá àpótí tí wọ́n kọ Na sí lórí àtẹ náà: sódíọ̀mù nìyẹn, orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn, natrium, ni wọ́n gé kúrú. Nọ́ńbà méjì wà níbẹ̀, 11 àti 23. Èyí tó kéré ni iye pírótọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ègé alámì ìròpọ̀ tó wà nínú kóró àárín átọ́ọ̀mù náà, iye kan náà sì ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn ègé alámì ìyọkúrò tó ń yí kóró náà ká. Èyí tó tóbi ni àpapọ̀ pírótọ́ọ̀nù àti niutírọ́ọ̀nù, ègé aláìlámì tí òun náà wà nínú kóró. Bí a bá yọ 11 kúrò nínú 23, 12 tó kù ni niutírọ́ọ̀nù. Ẹ ó rí 35.5 lórí kílórínì (Cl), kì í sì í ṣe pé wọ́n gé niutírọ́ọ̀nù kan sí méjì: oríṣi átọ́ọ̀mù kílórínì méjì ló wà, 35 àti 37, èyí tó jẹ́ 35 sì tó nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin, ni wọ́n bá fi ìpíndọ́gba wọn síbẹ̀.

Ẹ mú bébà, kí ẹ fi àmì kan sí àárín, kí ẹ sì fa òbìrí yí i ká ní ìpele-ìpele. Ìpele kìíní kò gbà ju ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 2 lọ, ìkejì gba 8, a ó sì fi 8 sí ìkẹta kí a tó kọjá sí ìkẹrin. Ìlànà yìí gbéṣẹ́ dé orí 20, ìyẹn kálísíọ̀mù. Lẹ́yìn ibẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ́jú, ẹ má tíì dé ibẹ̀. Sódíọ̀mù yóò jẹ́ 2, 8, 1, kílórínì tó ní 17 yóò sì jẹ́ 2, 8, 7. Ìpele tó kẹ́yìn nìkan ni kí ẹ tẹjú mọ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo òwò ti ń wáyé.

Níọ́ọ̀nù tó jẹ́ 2, 8 kì í bá ẹ́límẹ́ǹtì kankan da nǹkan pọ̀, torí ìpele rẹ̀ tó kẹ́yìn ti kún. Ipò bẹ́ẹ̀ ni àwọn yòókù ń wá. Ó rọrùn fún sódíọ̀mù láti fi 1 tó ní sílẹ̀ ju kó wá 7 kún un lọ, 1 péré ló sì kù kí ti kílórínì pé. Sódíọ̀mù fi tirẹ̀ sílẹ̀, kílórínì gbà á, ọ̀kan di alámì ìròpọ̀, èkejì di alámì ìyọkúrò, wọ́n sì ń fa ara wọn mọ́ra pinpin, tó fi jẹ́ pé iyọ̀ kì í yọ́ àfi bí iná bá mú un dé 801°C. Ẹ da iyọ̀ díẹ̀ sórí aṣọ dúdú, kí ẹ fi awò asọ-nǹkan-di-ńlá wò ó: púpọ̀ nínú hóró rẹ̀ ni yóò ní igun mẹ́rin bíi ṣúgà tí wọ́n gé sí onígun, nítorí pé bí àwọn átọ́ọ̀mù náà ṣe tò sí ara wọn nìyẹn. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu pé sódíọ̀mù tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú epo kó má baà gbiná, àti kílórínì tí wọ́n fi pa ọmọ ogun ní ọdún 1915, ni a ń bù sínú ọbẹ̀.

Magnésíọ̀mù (Mg) ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 12, ìyẹn 2, 8, 2. Méjì ló fẹ́ fi sílẹ̀, kílórínì kan kò sì lè gbà ju 1 lọ, nítorí náà kílórínì méjì ni yóò bá a lọ: MgCl₂. Òun yìí ló máa ń fa omi mọ́ra nínú iyọ̀ tí wọn kò yọ́ mọ́ dáadáa, tí iyọ̀ fi ń rin nígbà òjò.

Bí ẹ́límẹ́ǹtì méjèèjì bá wà ní apá ọ̀tún àtẹ, kò sí ẹni tó fẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò jọ ní in ni. Háídírójìn náà wà lára àwọn wọ̀nyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá òsì ni wọ́n kọ ọ́ sí, 2 péré sì ni ìpele rẹ̀ fi ń kún. Ọ́síjìn jẹ́ 2, 6, ó ku 2. Ó bá háídírójìn méjì ṣe àjọní, ó sì di omi, H₂O. Kábọ́ọ̀nù jẹ́ 2, 4, ó ku 4, ó sì di CH₄, gáàsì tó ń jáde láti inú ẹrẹ̀ àbàtà.

Ẹ wá fi náítírójìn tó ní 7 àti háídírójìn dán an wò fúnra yín. Bí èsì yín bá jẹ́ H₃N, ẹ gbà á. NH₃ ni wọ́n máa ń kọ ọ́.