Ẹ Má Dè É Lórí Jáàkì: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Tí A Bá Ń Pààrọ̀ Bọ́ọ̀ṣì Ọkọ̀ Nílé

Bọ́ọ̀ṣì, ìyẹn rọ́bà tó ń gba ìjì láàárín irin abẹ́ ọkọ̀, tí mo fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ sí abẹ́ Corolla mi kò lò ju oṣù 4 lọ tó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kó, kó, kó, nígbàkígbà tí mo bá bọ́ sínú gálọ́ọ̀pù. Mo ti ń bú ẹni tó tà á fún mi pé ayédèrú ló gbé lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo tú apá ìsàlẹ̀ náà, irin tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní lower arm, tí mo gbé e lọ bá bàbá mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa, kò tilẹ̀ wo orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára bọ́ọ̀ṣì. Ó kàn fi ìka tọ ibi tí rọ́bà ti ya, ó ní, "Orí jáàkì lo ti dè é, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ibo ni ǹ bá tún ti dè é?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé bọ́ọ̀ṣì ń yí bíi béárìn. Kì í yí. Páìpù irin méjì ló wà níbẹ̀, ńlá àti kékeré, rọ́bà sì wà láàárín wọn tó lẹ̀ mọ́ méjèèjì típẹ́típẹ́. Páìpù ńlá há sínú apá. Inú kékeré ni bóòtù gbà kọjá, tí ẹ bá sì ti dè é le, ẹnu rẹ̀ méjèèjì á gún mọ́ irin ara ọkọ̀, kò ní lè mira mọ́. Bí apá bá ń lọ sókè sódò, rọ́bà ló ń lọ́, òun náà ló ń padà sáyè rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí jáàkì, táyà á rọ̀ dirodiro, apá á dorí kodò. Bí ẹ bá dè é bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni rọ́bà máa mọ̀ sí ilé. Ẹ wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀: apá gòkè, rọ́bà ti lọ́ bí aṣọ tí èèyàn ń fún tí kò jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ ò sì tíì kúrò níwájú ilé. Gálọ́ọ̀pù tí ẹ bá bọ́ sí lẹ́yìn náà, orí lílọ́ yẹn ló ń kún. Kò sí rọ́bà tó máa fara da ìyẹn pẹ́, ì báà jẹ́ ojúlówó.

Nítorí náà, kí jáàkì tó kan ọkọ̀, ẹ mú téèpù, ẹ wọn láti àárín họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín gbùngbùn táyà, dé etí fẹ́ńdà tó wà lókè rẹ̀. Tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 37. Tí ẹ bá to gbogbo rẹ̀ padà tán, ẹ fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì dé ibi tó bá lè dé, ẹ má fún un. Ẹ wá fi jáàkì gbé apá náà láti abẹ́ ball joint, ìyẹn oríkèé tó wà ní orí apá níbi táyà, títí iye yẹn á fi pé, kí ẹ tó dè é. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra kúrò lórí stand, irin ẹlẹ́sẹ̀ tí a fi ń gbé ọkọ̀ dúró, kí iye náà tó pé, ẹ dúró. Ẹ dá táyà padà, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí pákó nínípọn kí ààyè lè wà, kí ẹ nawọ́ dè é láti ẹ̀gbẹ́. Bóòtù tó sùn gbalaja ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kò kan àwọn bọ́ọ̀ṣì polyurethane, ìyẹn àwọn tí wọ́n fi irú ike kan ṣe dípò rọ́bà, nítorí páìpù inú tiwọn ń yí nínú gírísì.

Mo dárúkọ stand. Ẹ jọ̀ọ́, búlọ́ọ̀kù kì í ṣe stand. Búlọ́ọ̀kù onihò tí a fi ń mọlé lè dúró fún wákàtí kan, kó sì fọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìkìlọ̀. Jáàkì nìkan náà kò tó, pàápàá lórí yẹ̀pẹ̀: ẹ fi pákó sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, ẹ ti spare táyà sábẹ́ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Ti òòlù ńkọ́? Èmi kì í lu bọ́ọ̀ṣì wọlé mọ́. Bí ẹ bá lu rọ́bà tàbí páìpù àárín, ẹ ti yà á kó tó dé ibi iṣẹ́. Ẹnu páìpù ńlá nìkan ló yẹ kí agbára bà. Ẹ gbé apá náà lọ bá ẹni tó ní pírẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan wọlé, ẹ sanwó, ẹ máa bọ̀. Àmọ́ kí wọ́n tó yọ ti àtijọ́, ẹ fi Tipp-Ex ọmọ ilé ìwé fa ìlà láti ara bọ́ọ̀ṣì dé ara apá. Bọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà lẹ́yìn lára lower arm sábà máa ń ní ihò méjì tó rí bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ẹ̀gbẹ́ tí ihò wà ló rọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì le. Ẹni tó bá yí i sódì ti gbé rírọ̀ síbi tó yẹ kó le, ọkọ̀ á sì máa ṣe ségesège tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Bí onípírẹ́ẹ̀sì bá fẹ́ fi iná sun rọ́bà kó lè yá, ẹ kọ̀ fún un. Èéfín rẹ̀ burú, iná sì ń gba agbára lára apá tí wọ́n fi alumíníọ́mù ṣe.

Ẹ má fi gírísì tàbí ẹ́ńjìn ọ́ìlì pa rọ́bà kó lè yọ̀ wọlé. Ohun tó bá ti inú epo rọ̀bì jáde ń jẹ rọ́bà, á wú, á sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Omi ọṣẹ ti tó.

Apá tòkunbọ̀ tó ṣì ní bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nínú máa ń fa ojú èèyàn mọ́ra ní Ládípọ̀, ọjà ohun èlò ọkọ̀ l'Ékòó, torí ó wá ní odindi. Ẹ fi ìka tẹ rọ́bà rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí ẹ bá rí ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ó ti gbó. Rọ́bà ń gbó lórí ìjókòó náà. Ọ̀tún àti òsì ni kí ẹ sì jọ pààrọ̀.

Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ lọ ṣe alignment, ìyẹn títo táyà kó lè dúró gún, kí etí inú táyà tó jẹ tán. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ìwé méjì jáde fún yín lórí ẹ̀rọ wọn, èyí tó wà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí iye orí ìwé méjèèjì bá rí bákan náà, ẹ bi wọ́n pé kí lẹ sanwó fún.