Ibi Tí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Wẹ́wẹ́ Ti Hù Máa Ń Hàn Nínú Adùn Rẹ̀

Ẹ wú ọmọ méjì nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan náà, ẹ gbin ọ̀kan sí etí àkùrọ̀, kí ẹ gbin èkejì sórí ilẹ̀ olókùúta lẹ́bàá òkè ní Iléṣà. Èso wọn kò ní jọra.

Ooru kọ́ ni ìṣòro wa ní Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ìwọ̀n Celsius 26 sí 30 ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ràn jù, a sì ní in. Ní erékùṣù Kánárì, tó tutù ju ọ̀dọ̀ wa lọ, èso máa ń pẹ́ lórí igi kó tó gbó. Bí ìwọ̀n ooru bá wá lọ sílẹ̀ ju 13 lọ, èèpo á ṣú, èso ò ní pọ́n dáadáa. Ìdí nìyí tí a kì í fi í kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù sínú fíríìjì.

Omi ni kí ẹ mójú tó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí 100 mìlímítà òjò lóṣù kan, òjò wa kì í sì í tó bẹ́ẹ̀ láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì. Ṣírì tó bá yọ nígbà ọyẹ́ kì í rí omi mu, èso rẹ̀ á tínrín. Bí a bá gbin ọmọ, ó máa ń tó oṣù mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá kó tó yọ ṣírì, ṣírì náà á sì lo bí oṣù mẹ́ta kó tó gbó. Nítorí náà, lórí ilẹ̀ òkè, oṣù kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ló dára jù láti gbìn ín: gbòǹgbò á ti múlẹ̀ kí òjò tó dá, ṣírì á sì kún nínú òjò ọdún kejì. Ní etí àkùrọ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin. Ẹ má gbìn ín síbi tí omi ti ń dúró o. Gbòǹgbò á jẹrà, igi á ṣubú.

Ọmọ tí ewé rẹ̀ ṣì rí ṣóńṣó bí idà ni kí ẹ mú. Ẹ gé gbòǹgbò rẹ̀, ẹ bó ìdí rẹ̀ títí yóò fi funfun, kí ẹ rì í sínú omi híhó fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí aràn gbòǹgbò lè kú. Ihò rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 níbùú, lóòró àti nísàlẹ̀; ìlà sí ìlà mítà 3, igi sí igi mítà 2.

Bí etí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n, tó ń gbẹ wá sínú, èròjà tí à ń pè ní pòtásíọ́ọ̀mù ló sábà máa ń dín nínú ilẹ̀, èso ò sì ní kún. Eérú èèpo kòkó, èyí tí àwọn alọ́ṣẹ dúdú ń lò, wúlò gan-an fún un. Ẹ wọ́n ọn fẹ́lẹ́ yí ìdí igi ká, ẹ má pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tútù, kí agbára ìgbẹ́ náà má bàa fẹ́ lọ.

Ẹ gé ewé tó ní ilà dúdú kúrò. Ó yẹ kí ewé tútù mẹ́jọ ó kéré tán wà lórí igi nígbà tí ṣírì bá yọ. Bí ewé bá tán, èso á pọ́n láìgbó, kò sì ní dùn. Ìgbà tí igun ara èso bá ti ń rọ́bọ́tọ́ ni kí ẹ bẹ́ ẹ. Tí ẹ bá fẹ́ kó tètè pọ́n, ẹ fi èyí tó ti pọ́n kan sáàárín rẹ̀ nínú páálí. Ẹ má fi kẹ́míkà kábáàdì sí i.